Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣe Ọjọ́ Iṣẹ́ Ọnà Ọ̀fẹ́ fún Tọmọ Tòbí ní Àdúgbò Yín ní Àbújá

Ẹni tó bá ń gbé Kubwa, Lugbe, Nyanya tàbí Karu mọ bí Àbámẹ́ta ọmọ ṣe ń lọ. Ilé-kéú tàbí ẹ̀kọ́ àfikún láàárọ̀, tẹlifíṣọ̀n lọ́sàn-án, fóònù ìyá títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kì í ṣe pé Àbújá ò ní ohun tí ọmọ lè wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ibi ìpàtẹ àwòrán wà ní Wuse 2, Millennium Park sì wà ní Maitama látọdún 2003 tí Ọbabìnrin Elizabeth wá ṣí i. Àmọ́ ẹ ṣírò owó ọkọ̀ bàbá, ìyá àtọmọ mẹ́ta láti Kubwa lọ sí Maitama, àlọ àtàbọ̀. Kí ló kù tó jẹ́ ọ̀fẹ́ nínú ìyẹn?

Ohun tó yá jù ni ká gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà ara wa. Mo fẹ́ tò ó lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni mẹ́ta mẹ́rin ládùúgbò ṣe lè ṣe é láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí kankan: Àbámẹ́ta méjì tó tẹ̀lé ara wọn, wákàtí méjì méjì, iṣẹ́ ọwọ́ kan ṣoṣo. Ẹ lè yí ohun tó bá wù yín padà nínú rẹ̀, àfi ẹyọ kan: òbí gbọ́dọ̀ jókòó, kó sì fọwọ́ ba iṣẹ́ náà. Bí òbí bá já ọmọ sílẹ̀ tó bá tirẹ̀ lọ, ẹ ti di olùtọ́jú ọmọ nìyẹn, ẹ ó sì bá wọn ṣọ́ ọ dalẹ́.

Kìíní: ẹ mú iṣẹ́ ọwọ́ kan

Bá a bá ti pe ọmọ jọ, ó máa ń wù wá ká ṣe gbogbo ẹ̀ pọ̀: ijó, ìlù, àwòrán, kíkun ojú, ìdíje aṣọ ìbílẹ̀. Ọmọ á kàn máa sáré kiri ni, kò ní mú nǹkan kan délé. Ẹ mú ẹyọ kan, kí èlò rẹ̀ sì kárí.

Èyí tí mo máa lò níbí ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí a fi láfún yà, kí àwọ̀ má baà wọ ibi tí láfún bá wà. Èlò rẹ̀ wà lọ́jà, ọmọ ọdún márùn-ún lè ṣe é, ìyá àgbà náà lè ṣe é. A ò ní lo aró. Aró òde òní ní sódà oníná nínú, èyí tó lè bó ọmọ lára, kò sì sí ìdí tí ọmọdé á fi wà nítòsí rẹ̀. Ọ̀dà aṣọ la máa fi rọ́pò.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan nínú yín sọ pé amọ̀ ni kí ẹ lò, ẹni náà ò sì jayò pa. Ilẹ̀ tí a wà yìí gan-an ni ilé àwọn amọ̀kòkò. Ladi Kwali, amọ̀kòkò ọmọ ẹ̀yà Gbagyi láti Kwali, ọwọ́ àǹtí rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ náà ní kékeré. Lọ́dún 1954 ló wọ ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò mímọ tí Michael Cardew, amọ̀kòkò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní Suleja, nígbà tí Suleja ṣì ń jẹ́ Àbújá. Ó máa ń fín aláǹgbá, àkéekèé, ọ̀ni àti ọ̀gà sára ìkòkò rẹ̀. Yunifásítì Ahmadu Bello fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ìdánilọ́lá lọ́dún 1977, ọdún méje lẹ́yìn náà ló kú. Bí ₦20 bá ṣì kù nílé yín (ó ti ń ṣọ̀wọ́n), ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, òun àti ìkòkò rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kò sí àwòrán tó rọrùn láti fi han ọmọ tó o. Ẹ sọ fún wọn pé wọn kò gbọ́dọ̀ kọ nǹkan sí i lára, torí òfin báńkì àpapọ̀ ti 2007 ka bíba owó náírà jẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀.

Kí ló dé tí mi ò fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú amọ̀? Amọ̀ tí kò bá wọ iná á padà di erùpẹ̀, ibi tí ẹ ó ti sun ìkòkò ọgbọ̀n ọmọ kò sì sí nínú ọgbà ilé ìwé. Ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà kejì, nígbà tí ẹ bá ti mọ obìnrin Gbagyi kan tó ń mọ̀kòkò, tó máa gbà kí ẹ kó ti àwọn ọmọ mọ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ń sun ún.

Èkejì: ibi tí ẹ ó lò, àti àsìkò

Gbọ̀ngàn ìjọ ló máa kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn, torí àga wà níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀. Mi ò gbà á nímọ̀ràn. Ìdajì àdúgbò ò ní wá, bí ẹ bá sì lo ọgbà mọ́ṣáláṣí, ìdajì kejì ò ní wá. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ LEA (ìyẹn ti ìjọba, lábẹ́ Local Education Authority) tó wà ládùúgbò ló dáa jù. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé, ẹ kọ ọjọ́ méjèèjì, wákàtí, iye ọmọ, orúkọ àgbà mẹ́ta tó máa dúró fún ètò náà, àti ìlérí pé ẹ ó gbálẹ̀ kí ẹ tó lọ. Ó lè ní kí ẹ mú ẹ̀dà kan lọ sí ọ́fíìsì LEA fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kan ṣáájú. Ẹ fi ohun díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Bó bá jẹ́ ẹ́sítéètì lẹ ń gbé, alága ẹ́sítéètì lẹ ó lọ bá. Níbi tí àwọn onílẹ̀ bá pọ̀ sí, ẹ lọ kí mai unguwa, ìyẹn olórí àdúgbò, kó tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Pápá ìgbafẹ́ ìjọba náà ṣeé lò, àmọ́ ẹ̀ka tó ń bójú tó pápá lábẹ́ FCTA, ìyẹn àwọn tó ń ṣàkóso Àbújá, ló ń fúnni láyè, ìyẹn sì máa ń pẹ́.

Àsìkò: agogo mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ Mùsùlùmí ní ilẹ̀ Òkè Ọya ló ń lọ sí ilé-kéú láàárọ̀ Àbámẹ́ta àti Àìkú. Bí ẹ bá fi sí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹ ti lé wọn sẹ́yìn láìmọ̀. Láàárín ìrun Alásárì àti Mùgùríbà ni gbogbo ilé lè wá, oòrùn náà á sì ti rọ̀.

Ti oṣù wá ńkọ́? Láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá ni òjò ń rọ̀ ní Àbújá, ìrọ̀lẹ́ ló sì máa ń fẹ́ràn. Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ló dáa fún láfún, torí ọyẹ́ máa ń gbẹ nǹkan wéré. Bó bá jẹ́ ọjọ́ àwọn ọmọdé, ìyẹn 27 oṣù karùn-ún, lọ́kàn yín fẹ́, ẹ lo yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìta.

Ẹ̀kẹta: iye ọmọ, àti ẹni tí yóò mójú tó wọn

Ọgbọ̀n ọmọ ni kí ẹ fi mọ nígbà àkọ́kọ́, àgbà kan sí ọmọ mẹ́fà. Mo mọ̀ pé ẹ ó rí àádọ́ta lẹ́nu géètì. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó ṣẹ́kù sílẹ̀ fún ìgbà mìíràn, ẹ bẹ̀ wọ́n, àmọ́ ẹ má ṣí ilẹ̀kùn. Ọmọ tí nǹkan ò kàn á sunkún, ti ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ náà á sì bàjẹ́.

Kí ìwé kan wà lẹ́nu ọ̀nà: orúkọ ọmọ, ọjọ́ orí, orúkọ àgbà tó mú un wá, nọ́ńbà fóònù, oúnjẹ tàbí nǹkan tí ara rẹ̀ kì í gbà. Ẹni tó mú ọmọ wá nìkan ló lè mú un lọ, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló wá nílẹ̀. Méjì méjì ni kí ọmọ máa lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ìyá kan sì máa tẹ̀lé wọn. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ òbí kí ẹ tó ya ọmọ ní fọ́tò. Ẹlòmíràn ò fẹ́ kí ojú ọmọ òun wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì yẹ kó máa ṣàlàyé fún yín.

Ẹ̀kẹrin: èlò

Fún ọgbọ̀n ọmọ àti òbí wọn, èyí ni mo máa rà.

Láfún múdù kan. Ẹ ó rí i lọ́dọ̀ àwọn ìyá Yorùbá tó ń ta èlùbọ́ nínú ọjà Kubwa, Nyanya tàbí Wuse. Á tó, á sì ṣẹ́kù fún àmàlà.

Aṣọ funfun ọ̀pá mẹ́jọ. Kó jẹ́ òwú gidi, torí ọ̀dà kì í wọ aṣọ onírọ́bà dáadáa. Ẹ gé ọ̀pá kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin. Ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ kí ẹ tó lò ó kí sítáàṣì tó wà lára aṣọ tuntun lè bọ́, kí ẹ sì lọ̀ ọ́. Bí télọ̀ kan bá wà ládùúgbò tó ní àjákù òwú, ẹ má tijú, ẹ béèrè.

Ọ̀dà aṣọ aláwọ̀ búlúù, èyí tó jọ ẹlú. Àwọ̀ kan ti tó. Àwọn bébà ìwé tó ti lò tán fún ìdánwò yíyà, páálí Indomie láti tẹ́ aṣọ lé, abọ́ mẹ́ta fún omi, ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì tàbí kàn-ìn-kàn-ìn tí a gé wẹ́wẹ́.

Kí ẹ sì kó nylon píọ̀ wọ́tà jọ, bí ogójì. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣí ẹnu rẹ̀ lókè nìkan, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Inú rẹ̀ la máa rọ láfún sí. Àwọn àgbàlagbà lè fi ìyẹ́ adìẹ ya tiwọn bí àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta ti ń ṣe é.

Ní ti owó, kí ilé mẹ́fà dá a, tàbí kí ẹnì kan mú láfún wá, ẹnì kan mú aṣọ, ẹnì kan mú omi. Ẹ má lọ gba owó lọ́wọ́ olóṣèlú. Ó máa fẹ́ báńà, ó máa fẹ́ tábìlì ńlá níwájú, ó máa pẹ́ dé, á sì sọ̀rọ̀ títí láfún á fi gan.

Ẹ̀karùn-ún: ìkésíni

Kó má gùn. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹ ní kí aládùúgbò kan bá yín kọ ti Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp àdúgbò. Irú èyí:

"Ẹ káàsán o, ẹ̀yin òbí wa. Ní Àbámẹ́ta yìí àti èyí tó tẹ̀lé e, agogo mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, a ó máa kọ́ àwọn ọmọ wa ní àdìrẹ yíyà nínú ọgbà LEA. Ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ ọdún márùn-ún sí méjìlá, kí àgbà kan láti ilé bá a wá, kó sì dúró. Ẹ wọ aṣọ tí kò bá bà yín nínú jẹ́ bí ọ̀dà bá kàn án. Ọmọ ọgbọ̀n péré ni àyè wà fún, ẹ fi orúkọ ránṣẹ́."

Ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá kò níṣòro, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Àmọ́ ẹ rọra máa fi Yorùbá dárúkọ nǹkan bí ẹ ti ń lò ó, kí àwọn tiwa tí Gẹ̀ẹ́sì ti gbà lẹ́nu lè gbọ́ orógùn, asẹ́ àti ìyẹ́ níbi tí wọ́n ti ń rí i lójú.

Ẹ̀kẹfà: Àbámẹ́ta kìíní, ọjọ́ yíyà

Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ ro láfún, kó má baà kan. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi omi tútù pò ó kó dán, kí ẹ tó dà á sínú omi tó ń hó, ẹ máa rò ó lórí iná kékeré. Kó ki ju ògì mímu lọ, kó má ki tó ọkà. Bó bá ní kókó, ẹ tún un sẹ́, nítorí kókó kan ṣoṣo á dí ẹnu nylon, ọmọ á fún un mọ́ra, á bẹ́, á sì dà sí i lára. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá. Ẹ bu ú dé ìdajì nylon, ẹ fi rọ́bà so ó lókè. Ìgbà tí ọmọ bá ti jókòó ni kí ẹ tó gé igun ìsàlẹ̀, ihò náà kò sì gbọ́dọ̀ ju orí ìṣáná lọ.

Bí wọ́n bá ti dé, ẹ má tíì gbé aṣọ fún wọn. Ọmọ tí wọ́n gbé aṣọ funfun síwájú rẹ̀ á kàn máa wò ó ni, tàbí kó ya ilé, oòrùn àti òdòdó mẹ́ta bí wọ́n ti kọ́ ọ nílé ìwé. Àlọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ pè é: "Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò." Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á pariwo pé ẹ̀wà ni. Ẹ ní kí ó yà á: ẹ̀wà tó ní ojú, tó lé tìróò. Ẹ tún pa á: "Òkun ń hó yàà, ọ̀sà ń hó yàà, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́." Orógùn nìyẹn. Ẹ fún wọn ní bébà, kí wọ́n ya ìdáhùn. Ẹ ó rí orógùn tó ní ẹsẹ̀ àti eyín.

Ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti fún ìyá Haúsá kan láyè. Ẹ wá ìyá àgbà tó mọ ìtàn Gizo, aláǹtakùn ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ tiwọn, àti Ƙoƙi ìyàwó rẹ̀. Á ní "Ga ta nan, ga ta nan ku," àwọn ọmọ á dáhùn pé "Ta zo mu ji ta." Kí ìyá tiwa náà wá pa ti Ìjàpá àti Yánníbo. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló máa sọ pé ìwà Gizo àti Ìjàpá jọra. Ìtàn kọ̀ọ̀kan kó má ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé aṣọ jáde. Ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ mọ́ páálí. Ẹ fi pẹ́ńsù pín in sí ojú mẹ́rin, ọmọ á ya ojú méjì, òbí á ya méjì. Báyìí lẹ ṣe ń dè wọ́n mọ́ra, torí ọmọ ò ní jẹ́ kí bàbá rẹ̀ gbé fóònù títí ojú méjì tirẹ̀ á fi kún. Bí òbí bá ní òun ò mọ àwòrán yà, ẹ sọ fún un nípa àdìrẹ Ìbàdàn dùn, tí òpó gbọ̀ngàn Mápó wà lára rẹ̀. Àwọn aládìrẹ ya ìlú tí wọ́n ń rí. Kí ni àwa náà ń rí? Òkè Zuma, kẹ̀kẹ́ NAPEP, ìlà epo, òrùlé mọ́ṣáláṣí àti àgbélébùú ìjọ lójú pópó kan náà. Kó ya ìyẹn.

Kí ìlà láfún nípọn díẹ̀ lórí aṣọ, kó má kàn jẹ́ àbàwọ́n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ kìlọ̀ pé kí wọ́n má lá a. Lóòótọ́ oúnjẹ ni, àmọ́ ọwọ́ ọgbọ̀n ọmọ ti kàn án.

Ẹ kọ orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn páálí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sílé lọ́jọ́ náà, nínú kẹ̀kẹ́ ni gbogbo láfún máa parẹ́ sí. Ẹ tò ó síbi tí òjò àti ewúrẹ́ kò ní dé, ẹ tì í.

Ẹ̀keje: Àbámẹ́ta kejì, ọjọ́ kíkùn

Láfún á ti gbẹ kán, á ti sán díẹ̀díẹ̀. Ẹ má bínú sí sísán yẹn, ibẹ̀ ni ọ̀dà á gbà wọlé tí aṣọ á fi ní iṣan bí ti àdìrẹ gidi.

Ẹ fi omi díẹ̀ la ọ̀dà. Kí ọmọ máa kàn án mọ́ aṣọ jẹ́jẹ́, kó má fà á síwá sẹ́yìn, torí omi á yọ́ láfún bó bá pẹ́ lórí rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan ni, kó kárí, kó fi sílẹ̀. Ẹ sá a.

Àsìkò tó ń gbẹ yìí ni onílù lè wá, bí ẹ bá mọ ọlọ́dùndún kan tó máa gbà láti fi ìlù pe orúkọ àwọn ọmọ. Ẹ fi owó rẹ̀ sínú àpòòwé, ẹ fún un lẹ́yìn. Àwa Yorùbá ò mọ bí a ṣe ń dúró níwájú onílù láì ná an lówó, àmọ́ òfin 2007 tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan kò yọ ìnáwó lójú agbo sílẹ̀: ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà ni, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Kò yẹ kí ọjọ́ àwọn ọmọ já sí kóòtù.

Bí ọ̀dà bá gbẹ dáadáa, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí ha láfún kúrò. Á máa bọ́ ní èépá, ìlà funfun á yọ. Ibi tó bá lẹ̀, ẹ má fi ipá bọ̀ ọ́. Kí òbí mú un délé, kó fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kó fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ ẹ̀yìn aṣọ kí ọ̀dà lè mú, kó tó wá rẹ ẹ́ sínú omi tútù kí láfún tó kù lè tú. Bí ìrọ̀lẹ́ bá ti ṣú kó tó gbẹ, kí wọ́n gbé e lọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ha á nílé.

Kò sí ipò kìíní, kò sí ẹ̀bùn. Ẹ so okùn láàárín igi méjì, ẹ sá gbogbo rẹ̀ sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí olúkúlùkù rìn kọjá kó wo ti aládùúgbò rẹ̀.

Bí wọ́n bá béèrè pé ìgbà wo ló tún kù

Ẹ sọ ọjọ́ kan kí wọ́n tó túká, ì báà jẹ́ oṣù mẹ́ta sí i. Fún àwọn ilé tó bá lágbára owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín, Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ogidi ní Kogi tó ti fi àdìrẹ kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn níṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ní ibi ìpàtẹ kan ní Àbújá yàtọ̀ sí ti Èkó, Òṣogbo àti Ogidi. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó lọ. Ní 21 oṣù kẹfà tí í ṣe ọjọ́ orin, ẹ wo ohun tí Institut français, ilé àṣà ìjọba ilẹ̀ Faransé, bá gbé jáde. Àwọn ilé márùn-ún lè gba bọ́ọ̀sì kan pọ̀.

Fún ti amọ̀, ẹ sọ ìtàn Nok sílẹ̀ fún wọn. Nok jẹ́ abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Kaduna. Níbi tí wọ́n ti ń wa tánganran lágbègbè náà ni wọ́n ti hú orí amọ̀ kan jáde ní nǹkan bí ọdún 1943, ẹni tó mú un lọ sílé sì gbé e kọ́ sáàárín oko iṣu rẹ̀ kó máa bá a lé ẹyẹ, kí àwọn onímọ̀ tó rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn èèyàn tó ti gbé níbẹ̀ ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì ni. Ojú rẹ̀ ní ihò láàárín. Ọmọ wo ni kò ní fẹ́ mọ orí tó ń lé ẹyẹ?

Ẹ gbálẹ̀ ilé ìwé náà dáadáa kí ẹ tó dá kọ́kọ́rọ́ padà, pàápàá láfún tó bá dà sílẹ̀, kí èèrà má baà kó wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ Ajé.